Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Láti Jí

Èdè Faransé tí a fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ pín ìrántí kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà méjì. Ó pe ọ̀kan ní mémoire vive, èyíinì ni ìrántí tí ó wà láàyè; ó pe èkejì ní mémoire morte, èyíinì ni ìrántí tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì láìtíì rí inú ẹ̀rọ náà rí yóò rò pé èyí tí ó wà láàyè ni ó ń tọ́jú nǹkan, pé èyí tí ó kú ti gbàgbé. Òdìkejì ni. Èyí tí ó wà láàyè kì í mú ohunkóhun dání bí iná bá lọ. Èyí tí ó ti kú ni kì í gbàgbé. Bí a bá sì fẹ́ túmọ̀ wọn sí Yorùbá, ìṣòro mìíràn dé, nítorí pé ìrántí lédè wa jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, kì í ṣe àpótí tí a ń kó nǹkan sí.

Àríyànjiyàn orúkọ lásán kọ́ ni èyí. Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ó kù díẹ̀ kí àṣìlóye ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, mémoire, mú kí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ṣábẹ̀ pàdánù ohùn àwọn àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa fi pinnu láti kọ ọ́ síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé irú ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí pọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti Kùtọ̀nú títí dé Parakú, ohun tí ó ṣe wá sì lè ṣe ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ ohùn gbígbà náà kò tóbi ní ìbẹ̀rẹ̀. A ní kí àwọn ọmọ kíláàsì troisième lọ bá àwọn bàbá àti ìyá àgbà nínú agbolé wọn, kí wọ́n fi tẹlifóònù gba ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀: ibi tí agbolé ti ṣẹ̀ wá, oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, orúkọ àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú ká, àti bí a ṣe ń kí ọdẹ tí ó ti inú igbó dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ṣábẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé tí à ń gbọ́ lórí rédíò láti Nàìjíríà. Tẹlifóònù àwọn ọmọ kì í pẹ́ kún, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà ní yàrá àwọn olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ẹ̀dà kejì kò sí. Disque dur àfikún tí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ sínú ìwé ohun tí ó ń béèrè kò tíì dé. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, méjì nínú àwọn àgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ti papòdà. Ohun tí wọ́n sọ kò sí níbòmíràn mọ́ láyé.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ HP àlòkù, ọ̀kan lára àwọn tí ilé iṣẹ́ òkè òkun lò tí wọ́n sì tà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Tiwa yìí kò yára bí adìẹ pàápàá. 2 GB péré ni ìrántí rẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣí ìwé máàkì kíláàsì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnìkan sì tún fẹ́ gbọ́ ohùn kan, a lè lọ jẹun kí a tó padà bá a. Ẹgbẹ́ àwọn òbí dá owó, wọ́n ní kí a ra ìrántí kún un. Ẹni tí ó ń lọ sí Kùtọ̀nú fún nǹkan mìíràn ni wọ́n fi owó rán, ó sì mú barrette méjì bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4 GB, ní iye owó tí ó yà gbogbo wa lẹ́nu. Ẹni tí ó tà á sọ fún un pé DDR3 ni, pé irú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ wa ń lò. Òótọ́ ni ó sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò pé.

Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n ti àwọn tuntun bọ inú ihò wọn, wọ́n tan iná. Fáànù ń yí. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Iná pupa kékeré kan ní iwájú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀rọ sì ń ké pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Bákan náà ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, yàrá àwọn olùkọ́ ti kún fún onímọ̀. Ẹnìkan ní iná kò tó o. Ẹlòmíràn ní écran ni ó kú. Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan tí wọ́n pè wá láti inú ìlú tẹ́tí sí igbe náà, ó ní: « C'est la mémoire. » Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tí wọ́n wá láti inú ẹgbẹ́ òbí sọ pé ìrántí kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Kíá ni ìròyìn náà ti gba ọgbà kan pé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti lọ, máàkì àti ohùn. Nígbà tí atúnkọ̀ǹpútàṣe náà sì sọ pé òun lè gbé e lọ, kí òun pa inú rẹ̀ rẹ́ kí òun sì tún gbogbo rẹ̀ fi sí i lọ́tun, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ gbà, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òye gbogbo ènìyàn, kò sí ohun tí ó kù níbẹ̀ tí a lè pàdánù mọ́.

A bẹ ọ̀gá fún ọjọ́ méjì. Àfiwé ọjà ni a fi bẹ̀ ẹ́, òun náà sì ni a ó fi ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé. Obìnrin tí ń tajà ní yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì ní àtẹ. Ní òwúrọ̀, yóò kó ìwọ̀nba ohun tí ó fẹ́ tà láti inú yàrá sórí àtẹ; ní ìrọ̀lẹ́, yóò kó o padà, àtẹ yóò sì ṣófo. Disque dur ni yàrá ìkẹ́rùsí. Ibẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà wà. Barrette tí à ń sọ yìí ni àtẹ. Àtẹ tí ó gbòòrò ń mú kí ọjà yá, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ èyí tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n bí àtẹ bá ṣẹ́, ọjà kò ní tà lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹrù kan tí yóò bàjẹ́ nínú yàrá. Ẹni tí ó bá wá ní kí á dáná sun yàrá nítorí pé àtẹ ṣẹ́, àfi kí á rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì fún wa ní ọjọ́ méjì.

Ó tọ́ kí a sọ díẹ̀ nípa àtẹ yìí, nítorí pé ohun ìyanu ni. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Dennard, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ni ó ronú kan irú rẹ̀ ní 1966; ní 1968 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ó papòdà ní 2024, lẹ́ni ọdún 91, ó sì dà bí ẹni pé àwọn tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ kò tó nǹkan lára gbogbo àwọn tí ń lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Transístọ̀ kan àti ìkòkò iná kékeré kan, èyí tí a ń pè ní condensateur nínú kíláàsì físíìsì, ni ó tò pọ̀ fún ẹyọ ìrántí kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá wà nínú ìkòkò, 1 ni. Bí kò bá sí, 0 ni. Ìkòkò náà a sì máa jò. Kí ìdá 64 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti ka ohun tí ó wà nínú gbogbo ìkòkò náà, kí ó sì tún un rọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ìrántí tí a ní ó wà láàyè kò ju kí á máa tún ohun kan náà sọ kí á má baà gbàgbé rẹ̀ lọ.

Igbe márùn-ún náà ńkọ́? Ẹ̀rọ náà kò lè kọ ìṣòro rẹ̀ sójú écran, nítorí pé kí ó tó ṣètò écran ni ó ti kọ́kọ́ ń yẹ ìrántí wò. Bí kò bá rí ìrántí tí ó lè lò, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Iná àti igbe nìkan ni ó kù tí ó lè fi ránṣẹ́. Àrokò ni. Bí àwọn baba wa ṣe ń so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, tí ẹni tí ó gbà á yóò ka iye rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ ni iye igbe ẹ̀rọ ṣe ní ìtumọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àrokò tirẹ̀, ohun tí igbe mẹ́ta ń wí nínú ọ̀kan kọ́ ni ó ń wí nínú òmíràn. Nínú HP tí ó jẹ́ irú tiwa, márùn-ún pẹ̀lú iná pupa túmọ̀ sí ìrántí. Atúnkọ̀ǹpútàṣe náà gbọ́ àrokò dáadáa. Ìdáhùn tí ó fún un ni kò bá a mu.

Ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀. A yọ okùn iná kúrò lára ògiri pátápátá, a sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, a ní kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Ṣábẹ̀ mọ bí aṣọ ọ̀rá ṣe ń ta pàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Iná ara yẹn kì í sábà hàn sí ènìyàn bí kò bá tó nǹkan bíi 3000 fólìtì, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá lè ba àwọn kóró dúdú ara barrette jẹ́ láìsí ariwo kankan.

A yọ barrette tuntun méjèèjì, a dá ti àtijọ́ padà. A tan iná. Igbe márùn-ún.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ti dẹ́kun, àwọn tí wọ́n dúró tì wá sì fẹ́ dẹ́kun. Ó ti hàn sí wọn báyìí pé ìrántí tuntun ti pa ẹ̀rọ náà. Àṣìṣe ìrònú yìí wọ́pọ̀, ó sì fara jọ ti ẹni tí orí ń fọ́ tí ẹsẹ̀ sì ń dùn, tí ó ń wá àìsàn kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ ìdí méjèèjì. Nǹkan méjì lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Sùúrù inú iṣẹ́ yìí sì ní ìlànà: nǹkan kan ṣoṣo ni kí á yí padà, kí á wò ó, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á tó yí òmíràn. A fún ọmọbìnrin kan ní kíláàsì seconde ní ìwé àti gègé kí ó máa kọ ọ́. Òun gan-an ni ó gbójú sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ó ní: « Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, nígbà tí ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló dún. Èkejì ò dún. »

Ìkọ́ kékeré méjì ni ó máa ń di barrette mú ní etí méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dún kẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó ti wọlé. A wo ihò náà dáadáa: eruku pupa ilẹ̀ wa ni ó kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe inú èyí tí barrette àtijọ́ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí, inú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí ni. A fi póńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku náà kúrò, nítorí pé èémí ẹnu ní omi nínú. A fi gomme tí àwọn ọmọ fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín wúrà ara barrette, jẹ́jẹ́ ni o, nítorí pé wúrà náà tín-ín-rín, a sì gbá ìdọ̀tí gomme kúrò lára rẹ̀. A dá a padà sínú ihò rẹ̀ àtijọ́, a fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀. Kẹ̀.

Écran tàn.

Ariwo tí ó sọ ní yàrá náà, a kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ní kí a ṣe ni kí a ṣí àpò ohùn náà. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, kò sí èyí tí ó yẹ̀.

Barrette tuntun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìbá sọ pé ó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì jù ú nù. A ti í bọ ihò kan náà tí a ti mọ̀ pé ó dára, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: igbe márùn-ún fún ti àkọ́kọ́, igbe márùn-ún fún ti èkejì. Pé ọ̀kan bàjẹ́ kò ṣọ̀wọ́n. Pé méjèèjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà ṣọ̀wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n dára, kí ó jẹ́ pé wọn kì í ṣe ti ẹ̀rọ wa. A tún yọ bátìrì pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ, CR2032 tí ó dà bí owó irin, kí ètò àtijọ́ lè parẹ́. Kò yí ohunkóhun padà, àfi pé aago gbàgbé ọjọ́. Nígbà náà ni a tó ka ohun tí ó wà lára bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ lápò ṣòkòtò.

Lára ti àtijọ́, wọ́n kọ PC3-10600U. Lára ti tuntun, wọ́n kọ PC3-10600R. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. U ni ti kọ̀ǹpútà tí à ń lò nílé àti ní ọ́fíìsì. R jẹ́ ti serveur, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kó ìsọfúnni ọ̀pọ̀ ènìyàn sí. Kóró kan wà láàárín barrette R tí ó ń dúró bí alárinà láàárín ẹ̀rọ àti ìrántí, tí ó ń gba àṣẹ kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kò mọ bí a ti ń bá alárinà náà sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, gígùn méjèèjì dọ́gba, eyín wọn jẹ́ 240, ibi tí wọ́n gé sí lára wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà R yóò wọ ihò U láìjà. Ti DDR2 àti DDR3 kò rí bẹ́ẹ̀: eyín tiwọn náà jẹ́ 240, ṣùgbọ́n wọ́n gé wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n tì bọ ara wọn. Ẹni tí ó gbé èyí kalẹ̀ ronú. Ó wù wá kí ó ti ronú kan R pẹ̀lú.

Ìdí tí ó fi pọ́ọ́kú kò ṣòro láti mọ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun bá ti ń pààrọ̀ serveur wọn, barrette inú wọn a máa pọ̀ lọ́jà àlòkù, àwọn tí wọ́n sì nílò rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí kò bá lè ka bébà ara rẹ̀, tàbí tí bébà náà ti ya, lè ka kóró. Barrette ẹ̀rọ wa ní kóró 8 tàbí 16. Ti serveur ní 9, 18 tàbí 36, nítorí pé ó ń gbé àfikún tí ó fi ń ṣọ́ àṣìṣe, alárinà tí a sọ nípa rẹ̀ a sì máa wà láàárín, òun nìkan, ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Bí iye kóró bá ti ṣeé fi 9 pín, kí ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ń tà á. A ti kọ́ àwọn ọmọ sixième ní èyí nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí ìwé ní kí a kọ́ wọn lọ.

Oníṣòwò náà gba barrette R padà láìjanpata, ó fún wa ní U méjì lẹ́yìn tí a fi owó díẹ̀ kún un. Ìrìn-àjò kìlómítà bíi 250 sí Kùtọ̀nú ni ó náni jù. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Windows tí ó wà lórí rẹ̀ kò rí ju 3 GB àti díẹ̀ lọ nínú 8, nítorí pé ti 32-bit ni, irú rẹ̀ kò sì lè lò ju 4 GB lọ. Àtẹ gbòòrò, aláàtẹ kò gùn ọwọ́. Kí a tó lè fi ti 64-bit rọ́pò rẹ̀, a ní láti pa ohun tí ó wà lórí disque dur rẹ́ ní tòótọ́, lọ́tẹ̀ yìí gan-an. Gbogbo wa fẹnu kò pé a kò ní ṣe é títí ẹ̀dà kejì yóò fi wà.

Disque dur àfikún dé ní oṣù kẹta. Ẹ̀dà méjì ni a ṣe, ọ̀kan wà ní ilé ẹ̀kọ́, èkejì wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ọgbà. Lẹ́yìn náà ni a tó ṣe 64-bit. Ní báyìí, ẹnìkan lè máa gbọ́ ohùn, kí ó máa dá a dúró, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ti kọ mọ́kànlá. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún nínú ọ̀rọ̀ ọ̀kan lára àwọn bàbá tí ó ti papòdà, ó dárúkọ òkè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, wọ́n sì ti ń kiri agbolé báyìí láti bi àwọn tí ó kù léèrè.